Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ilé ọmọbìnrin mi,
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà.

Onírúlà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ́ kó o gun àkàbà? Bí kò bá jẹ́ kó o gùn ún, sọ̀ kalẹ̀. Bí àgbà bá já láti orí àkàbà, wọ́n á kọ́kọ́ rín in kí wọ́n tó gbé e. Èmi le. Ọdún kẹta rèé tí mo sin ìyá àwọn ọmọ, n kò sì kú. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó má fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ tiwa náà ló ń ṣe, àfi pé kì í lo ọ̀dà. Ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń tò. O rántí ìjà wa lórí pátákó? Ìwọ á fi rúlà pín gbogbo rẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. Èmi á to lẹ́tà lọ, kí wọ́n máa sún fún ara wọn bí èrò orí bẹ́ǹṣì. Ó ní méjèèjì ló wà níbẹ̀: tìrẹ lòun fi ń pín ojú-ìwé lódindi, tèmi lòun fi ń to ohun tó wà lórí ìlà kan. Má yọ̀ jù. Ó ní tèmi ló yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ya àwòrán fún ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá parí ní aago mẹ́rin, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. Ó ya obìnrin kan sídìí máṣíìnì, aṣọ sì bo ọwọ́ obìnrin náà. Ó ní òun ti fún ọwọ́ náà ní nọ́ńbà kó lè bọ́ síwájú: mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Kò mira.

Mo ní, "Èwo lo kọ́kọ́ yà?"

"Ọwọ́ ni, Bàámi. Lẹ́yìn náà, aṣọ."

"Ṣé ọ̀dà ń gba nọ́ńbà ni? Nílé ni àkọ́bí ti jẹ́ ọ̀gá. Lórí pátákó, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń gun gbogbo wọn."

"Bàámi, kọ̀ǹpútà kì í ṣe pátákó o."

Síbẹ̀, nínú ìlànà tó kọ fún kọ̀ǹpútà, ó ní kó kọ́kọ́ ya aṣọ, kó tó ya ọwọ́, ó fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ yọ. Ó ní nọ́ńbà ń ṣiṣẹ́ fún àpótí inú ojú-ìwé, ṣùgbọ́n irú àwòrán onílà yìí kò mọ̀ ju ẹni tó kẹ́yìn lọ. Ó ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan." Ìka tó wọ́ lọ́wọ́ òsì ni mò ń wò, ìka tí abẹ́rẹ́ gún lọ́dún tá a bí ọmọ yìí. N kò béèrè ọwọ́ ta ni.

Ọ̀gá pè lórí fóònù. Ó ní àwòrán dára, àmọ́ kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Orúkọ á bo ọwọ́ nìyẹn. Ọmọ mi ní, "Ó ti yé mi, sà." Ó kọ orúkọ náà, ó sì tún fi ọwọ́ ṣe ìkẹyìn. Ọwọ́ wá gbé ara lé orúkọ, bí ẹni tó ń rán an lọ. Ọ̀gá wò ó, ó ní kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Onírúlà, èmi ni mo kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ bo obìnrin yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti jáde báyìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, nígbà tó ṣì wà níwájú rẹ.

Èmi ni tìrẹ, láìlo rúlà,
Afojúwọ̀n.