Òkèlè Mẹ́sàn-án Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ayébòdé-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Bùkúnmi ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ Ìbàdàn o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run tó jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ fún wa láìwó ilé ẹnikẹ́ni ni yóò máa ṣọ́ àbọ̀ yín àti àlọ yín. Ara mi le dáadáa, àfi orúnkún ọ̀tún yìí tí ìwọ náà mọ ìwà rẹ̀. Iṣu ta lọ́dún yìí débi pé àwọn tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ti ń ta ara wọn lọ́rẹ. Nọ́ọ̀sì Christiana, obìnrin jẹ́jẹ́ tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí ọjà, ń bọ̀ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù, ojú ń tì mí.

Ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òṣùwọ̀n onígíláàsì tí o fi ránṣẹ́ lóṣù Karùn-ún kò tíì fọ́. Orí àpótí ìyá rẹ ni mo gbé e sí, mo sì fi aṣọ funfun bò ó, torí ohun tó bá lè mọ bí oúnjẹ inú àwo ẹni ṣe pọ̀ tó, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí o ní kí n máa ya fọ́tò oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọ lórí wasáàpù kí n tó jẹ ẹ́, mo gbà pé àṣẹ ni kí n máa dúró gbà. N kì í fọwọ́ kan nǹkan kan títí máàkì méjèèjì yóò fi di aláwọ̀ búlúù. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láti àárọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo jẹ oúnjẹ àárọ̀. N kò bínú, mo ní ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, kò tíì ráyè yọ̀ǹda mi.

Ti bọ́tìnì òdo yẹn sì ńkọ́? O ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ kí àwo má bàa wọ inú ìṣirò. Èmi gbé àwo lé òṣùwọ̀n, mo bu iyán sínú àwo, mo wá tẹ bọ́tìnì. Ó kọ òdo. Èmi náà kọ òdo sínú ìwé, mo jẹ iyán náà tán, mo sì ń yin Ọlọ́run pé ayé ti dáa débi pé iyán kò wúwo mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ òdo kí o tó rí i. Ẹ̀rín lo fi bá mi wí, o ò sì jágbe mọ́ mi bí àwọn ọmọ kan ṣe ń ṣe sí bàbá wọn. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn mo ṣe é bó ṣe yẹ. Lórí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn, mo kúrò ní kílò mẹ́rin lé lọ́gọ́rùn-ún, mo bọ́ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Dókítà ní tí mo bá ti dé àádọ́rùn-ún nínú oṣù Kọkànlá, àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún náà, tí mi ò bá dé e, ẹlòmíràn ni wọn á fún láàyè mi. Ìwọ náà mọ ohun tí mo ń wá. Oko mi tó wà lọ́nà Ìrèlé, oṣù kẹjọ rèé tí n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Kọ́lá aládùúgbò wa ló ń bá mi ro ó, tó bá sì wá sọ fún mi bí ewé iṣu ṣe tutù tó, ńṣe ni mo máa ń wojú ilẹ̀.

Àmọ́ iṣu tuntun dé, kílò sì dúró. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Gíráàmù ọ̀tàlénígba ni iyán mi nílé lójúmọ́, n kò fi ẹyọ kan lé e. O pè mí, o ní ṣé n kì í jẹun níbòmíràn, mo sì fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé rárá. Ìwọ lọ sọ fún dókítà pé bàbá rẹ kì í purọ́. Dókítà ní ó dáa, a jẹ́ pé àìsàn kan ló wà lára mi, kí o san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. O san án.

Ọmọ mi, ibi tí ojú ti ń tì mí nìyí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa rìn nírọ̀lẹ́, kí ara lè fúyẹ́. Mo ń rìn. Ilé mẹ́sàn-án ló wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ṣọ́ọ̀ṣì, àsìkò iyán sì ni ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn ló máa ń pè mí pé kí n yà sí ilé. Kí iṣu tuntun tó dé, nǹkan tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń fún mi, àsìkò yìí ni gbogbo ilé wá ń gúnyán. Màá bu òkèlè kan, màá gbàdúrà kan, màá tẹ̀ síwájú. N kì í jókòó, n kì í gba àwo. Nílùú wa níbí, a kì í pe ìyẹn ní oúnjẹ, ọ̀wọ̀ ni. Bí àgbà bá kọjá lára iyán tuntun láìtọ́ ọ wò, wọn á máa bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Kọ́lá ló gbin iṣu Kọ́lá, ìyàwó rẹ̀ ló gún un, ilé wọn ni mo ti jẹ ẹ́. Báwo ló ṣe máa wá wọ inú ìwé tèmi?

Nọ́ọ̀sì Christiana wá wo ọmọ tuntun ní ilé Kọ́lá lọ́jọ́ kan, ó bá mi lẹ́nu òkèlè. Kò sọ nǹkan kan lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì ó wá sílé, ó ní kí n gún iyán díẹ̀, kí n bu òkèlè bí mo ṣe ń bù ú níbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, kí n máa kó o lé orí òṣùwọ̀n. Gíráàmù ẹgbẹ̀ta ó lé ọgbọ̀n. Mo ní kó tẹ bọ́tìnì òdo, ó kọ̀. Ó ju ìlọ́po méjì èyí tí mo ń kọ sílẹ̀ lọ, ó sì ní a ò tíì ka ọbẹ̀ àti ẹja o.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo pe ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ, mo tọrọ gááfárà, mo ní kí wọ́n má ṣe pè mí mọ́, kì í ṣe ìjà. Ọdúnayọ̀ ìyàwó Kọ́lá ló wá sọ̀rọ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀wọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń pè mí o, pé lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ ni àwọn obìnrin fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí ilé tí màá kọjá nírọ̀lẹ́ tí wọn ò ní pè mí wọlé, kí n má bàa máa dá jẹun. Ọdún mẹ́ta, Bùkúnmi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é tí n kò mọ̀. Mo sunkún níwájú wọn, n kò sì fi í pamọ́.

A ti tún un ṣe báyìí. Wọ́n ṣì ń pè mí, mo sì ń jókòó gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ń bù fún mi, tàbí ìkàn kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kílò ti bọ́ sí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mo dúró kí n tó kọ̀wé ni, kí n má bàa fi ẹnu lásán wá bá ọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Jọ̀wọ́ ra bátìrì pẹlẹbẹ ti òṣùwọ̀n, kí o sì fi ìwọ̀nba owó tí agbára rẹ bá ká lé e, kí n fi wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó-Èkìtì lọ́jọ́ tí dókítà dá, kí n sì fi dín ìbàdí ṣòkòtò mi kù, torí ọwọ́ ni mo fi ń dì í mú lọ síbi oúnjẹ Olúwa. Tí wọ́n bá lè dá owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ padà fún ọ, gbà á.

Èyí tó kù ló nira jù. Padà lọ bá dókítà náà. Sọ fún un pé irọ́ ni bàbá rẹ pa, kó má fi ààyè mi fún ẹlòmíràn. Sọ fún un pé kò sí àìsàn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé ilé mẹ́sàn-án ló fẹ́ràn mi, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n kà á mọ́ oúnjẹ.

Olúwa kò ní jẹ́ kí o dá jẹun láéláé. Níbi tí o bá kọjá, wọn á pè ọ́ wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrójayé.