Ọ̀gá Rẹ Ti Gbé Mi Gòkè

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ṣì ń gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹrin tí o ní o ń gbé? Ẹsẹ̀ tí o fi ń gùn ún kò ní yẹ̀, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ kò ní bínú sí ọ, ẹni tó ń gbé òkè rẹ kò ní da omi lé ọ lórí. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù.

Gbogbo wa wà bí o ṣe fi wá sílẹ̀, àfi òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò. Bàbá yín gun orí ilé lọ dí i, ó sì ń jò síbẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ti bímọ, obìnrin ni, orí ọmọ náà tóbi bíi ti bàbá rẹ̀. Fóònù tí o rà fún mi wà lálàáfíà, inú àpótí aṣọ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí kí òtútù má baà mú un, bó bá ti ń dún mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, inú mi a sì dùn pé ó ṣì wà láàyè. Àwọn ará báǹkì náà ń gbìyànjú. Lóṣooṣù ni wọ́n ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù náà pé àwọn ti mú díẹ̀ nínú owó mi. Bàbá yín ní olè ni wọ́n. Mo ní rárá o, olè wo ló máa ń kọ̀wé láti sọ pé òun ti wá?

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ gan-an ni mo torí rẹ̀ mú bírò. O kọ̀wé pé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ máa ń fi bààlúù kékeré ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi, pé láti òkè ló ti ń ya àwòrán erékùṣù àti àwọn ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀, pé o ti ròyìn àwọn erékùṣù ẹyẹ tó wà níwájú wa fún un, àti pé bó bá dé kí a tọ́jú rẹ̀. Bàbá yín ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọkùnrin tó lówó tó bẹ́ẹ̀, tí kò rí nǹkan mìíràn fi owó ṣe ju kó máa tẹ̀lé ẹyẹ kiri, àga tó lágbára nìkan ló yẹ ká wá fún un. A fọ àga ńlá, a gbé e síta kó gbẹ.

Ìgbà tí òkun fà sẹ́yìn, tí iyanrìn etí omi le bíi sìmẹ́ńtì, ni bààlúù náà dé. Ó ń gbọ̀n bíi korobá tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta. Ó balẹ̀ níwájú àtíbàbà àwọn tó ń kan ọkọ̀, ó sáré títí, ó dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ inú àwọ̀n tí wọ́n sá. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò, ó ṣí fìlà, irun dídì bọ́ sí i léjìká. Ọmọ mi, o ò sọ fún wa pé obìnrin ni. Bàbá yín, tí wọ́n ti há ìkíni tí wọn yóò kí ọkùnrin sórí, gbé ìkíni náà mì. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, wọ́n lọ yọjú wo inú bààlúù bóyá awakọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ gidi ni. Mo fẹ́ máa pè é ní ẹ̀yin nítorí iṣẹ́ rẹ, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé mo bí irú òun. Nítorí náà bí o bá rí i tí mo ń kọ ọ́ ní “ó”, òun ló fún mi láṣẹ. Ó jókòó lórí àga ńlá, ó fi àwọn àwòrán hàn wá nínú kámẹ́rà rẹ̀, ó pọ̀ débi pé ojú ń ro mí. Mo bi í pé níbo ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ó ní inú ìkùukùu ni. Mo wòkè. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tó fi ní láti ra bààlúù, nítorí ẹni tó bá kó ẹrù rẹ̀ sí òkè àjà kò lè ṣe kó má ní àkàsọ̀.

Ó wá ní òun fẹ́ ẹni tó mọ àwọn erékùṣù náà, tí yóò bá òun gòkè lọ́jọ́ kejì láti máa júwe ibi tí àwọn ẹyẹ ń yé sí. Ó kọ́kọ́ bẹ bàbá yín. Wọ́n ní àwọn kì í jókòó síbi tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní omi ni wọ́n ń jókòó lé láti kékeré. Wọ́n ní omi ń gbé igi, ta ló rí i tí afẹ́fẹ́ gbé irin rí? Wọ́n ní ìyàwó àwọn kò ní di àṣá lọ́jọ́ ogbó, kí n má dán an wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti ọkọ̀ wọn sómi, wọ́n ní àwọn ń lọ wo pàkúté akàn lórí òkìtì iyanrìn òkèèrè, pé àwọn ò fẹ́ wà nílé nígbà tí wọ́n bá wá sọ fún àwọn pé mo ti já bọ́. Wọn ò kí mi tí wọ́n fi lọ.

Èmi náà rò ó o. Láti ilé dé etí omi ni mo rò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń wo àwọn ẹyẹ yẹn láti ìsàlẹ̀, ikùn wọn nìkan ni mo mọ̀. Mo fẹ́ rí ẹ̀yìn wọn.

Ọ̀gá rẹ béèrè pé báwo ni mo ṣe wúwo tó. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí ẹja tí èèyàn fẹ́ rà ni wọ́n ń béèrè irú ìyẹn nípa rẹ̀, àmọ́ mo ní kó máa fojú bù ú. Ó tún fún mi ní ìwé kan kí n fọwọ́ sí, ó ní ohun tó wí ni pé bí nǹkan bá ṣe mí, n kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé mo gbà, bí wọ́n bá ṣáà ti gbé mi pa dà sílé. Ó fi nǹkan bò mí létí méjèèjì, mo rò pé nítorí òtútù ni, àfi bí ohùn ọkùnrin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí n kò rí i. Mo ní ẹ káàárọ̀ o. Òun náà ní ẹ káàárọ̀, màmá. Ọ̀gá rẹ ní ọkùnrin náà wà nínú ilé gogoro kan tó jìnnà réré, òun ló ń ṣọ́ àwọn tó wà lókè. Mo ní kó ṣeun.

Bí a ṣe gòkè, inú mi kọ́kọ́ ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, ó wá bá mi nígbà tó yá. Mo rí ilé wa, kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo rí ihò òrùlé náà dáadáa, ibi tí bàbá yín dí kọ́ ló wà rárá. Mo rí ìjàpá òkun lábẹ́ omi, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọrí ìkòkò. Nígbà tí a dé òkè erékùṣù àwọn ẹyẹ, ó funfun lábẹ́ wa bí ìgbà tí iyọ̀ dà sílẹ̀. Mo ní kó sún mọ́ wọn, ó ní rárá, pé bí a bá dẹ́rù bà wọ́n, wọn yóò fò kúrò lórí ẹyin, òòrùn á sì bà á jẹ́, ìdí rẹ̀ tí kámẹ́rà òun fi gùn lẹ́nu nìyẹn. Mo rí ẹ̀yìn wọn, ọmọ mi. Dúdú wà ní etí apá wọn. N kò mọ̀.

Lẹ́yìn erékùṣù ẹyẹ a kọjá lókè òkìtì iyanrìn òkèèrè. Èèyàn kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kéré tó tí ìyàwó rẹ̀ kò ní mọ ìdúró rẹ̀. Mo yára tẹrí ba nínú àga kí wọ́n má baà rí mi. Ọ̀gá rẹ ya àwòrán, a kọjá.

Ìgbà tí a ń pa dà bọ̀, òkun ti ń kún, òkìtì iyanrìn náà ti dín kù, ó ku bí ẹní. Bàbá yín ń ju ọwọ́ méjèèjì. Mo ní wọ́n ń bínú, wọ́n ń lé wa lọ ni. Ọ̀gá rẹ ní òun kò rò pé ìbínú nìyẹn. Ó nàka sí ọ̀nà jíjìn, mo wá rí ọkọ̀ wọn tó ń dá yí po lójú omi, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀.

Mo ní kó balẹ̀, ó ní ibẹ̀ rọ̀, ó sì kúrú, pé a óò rì ni. Ó bá ọkùnrin inú etí sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ní ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun jìnnà, yóò pẹ́ kó tó dé. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, mo ní ọkọ mi ni o. Ọkùnrin náà ní kí n fara balẹ̀. Ọ̀gá rẹ yí orí bààlúù pa dà sílé, mo sì tẹjú mọ́ omi. Láti òkè, ibi tí omi ti jìn dúdú bí aró, ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn ibi tí kò jìn, láti etí omi wa títí dé ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń há sórí iyanrìn àwọn ibi tí kò jìn yẹn. Mo mú ọ̀nà náà sórí bí èèyàn ṣe ń mú ọ̀nà oko.

A balẹ̀ lórí ìwọ̀nba iyanrìn tó kù, mo sáré lọ bá àbúrò bàbá yín, nítorí òun nìkan ló ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì. Ó ní a ní láti gba ẹ̀yìn erékùṣù yípo. Mo ní bí a bá yípo, òkú la máa bá. Mo jókòó síwájú ọkọ̀, mo ń nàka, ọ̀tún, òsì, òsì sí i. Ó ń kùn pé láti ìgbà wo ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti di atukọ̀, àmọ́ ó ń tukọ̀. Ọ̀gá rẹ ti tún gòkè, ó ń yí po lókè orí bàbá yín kí a lè mọ ibi tí wọ́n wà, nítorí láti ìsàlẹ̀ kò sí iyanrìn kankan mọ́ lójú wa.

Omi ti dé wọn láyà. Apẹ̀rẹ̀ akàn wà lórí wọn. Wọn ò kí wa. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí wa, wọ́n ní ká rọra gbà á, pé àwọn akàn náà ń géni jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gòkè sínú ọkọ̀. Wọ́n bi àbúrò wọn pé ta ló sọ fún un. Ó wò mí. A lọ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó tutù lókè. Mo ní ó tutù díẹ̀. Wọ́n ní ǹ bá ti mú aṣọ dání.

Wọ́n ní okùn ló ti jẹrà tí ọkọ̀ fi já. N kò jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn tuntun ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwòrán tí ọ̀gá rẹ fi ránṣẹ́ dé, ó ti lọ kó wọn wá láti inú ìkùukùu. Èyí tó yà nígbà tí mo tẹrí ba wà níbẹ̀. Bàbá yín wà lórí iyanrìn, ọwọ́ kan ṣíji bo ojú, orí wọn yí sókè, ẹnu wọn là. Okùn ọkọ̀ wà lọ́wọ́ kejì, wọn ò tíì so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí pàkúté. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé àwòrán náà síwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kọ́, ẹni tó jọ àwọn ni. Mo gbé e kọ́ sí yàrá.

Ọmọ mi, ọkọ̀ bàbá yín ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a rí i lórí òkúta, nítorí náà fi owó pákó àti ìṣó ránṣẹ́, àti díẹ̀ lé e fún páànù òrùlé, mo ti mọ ibi tí wọn yóò kàn án sí. Má fi í ránṣẹ́ sí báǹkì, wọn yóò tún kọ̀wé. Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé ẹni tó lè gbé ìyá gòkè, kò yẹ kó nira fún un láti gbé ọmọ ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ọlọ́run yóò máa rí ọ níbi tí ojú wa kò tó. Omi kò ní kún mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ohun tí o bá so mọ́lẹ̀ kò ní já. Bí o bá wà nínú ìṣòro, ẹni tó máa kọjá lókè yóò bojú wolẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bàbá yín jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n bi ọ́ léèrè èèyàn mélòó ni bààlúù yẹn ń gbà. Mo ní méjì péré, ọ̀gá rẹ àti ẹnì kan. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é kéré bẹ́ẹ̀.