Ẹ Bá Mi Bá Ọmọ Mi Sọ̀rọ̀ Kó Tó Di Mọ́ńdè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá wa ti ń yá. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán, torí Mọ́ńdè làwọn ọmọ máa padà sí kíláàsì lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí kòrónà ti dá wọn dúró sílé, gbogbo wọn ló sì ti ga bí ẹni ń bomi rin wọ́n nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi ń já. Ọmọ mi ò wọ tiẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí kòrónà pa Bàbá wa, inú ẹkún ni mo ti sọ lójú ọmọ náà pé òun ló gbé àrùn náà wálé láti ilé ìwé. Lánàá ló bi mí pé: "Màmá, tí mo bá lọ, ṣé Ìyá àgbà ló kàn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ọlọ́run á pa yín mọ́, kò sì ní jẹ́ ká fi ẹnu ara wa pa ọmọ wa.

Àbúrò yín