Ìdin Lẹ́nu Ìyá Mi Tó Fi Ilẹ̀ Búra

Ìdin wà lẹ́nu ìyá mi. Ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ báyìí, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún ní gbogbo ìlú wa, Kpoulou, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bò mí láṣìírí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn...

Rọpárọsẹ̀ ló gbé màmá dè, látìgbà náà ẹnu wọn kì í padé tí wọ́n bá ń sùn, eyín kan sì ti jẹrà níbẹ̀. Èmi àbígbẹ̀yìn ni mò ń tọ́jú wọn. Mo rò pé eyín ló ń rùn, àfìgbà tí mo fẹ́ fún wọn lógì tí mo rí ohun funfun tó ń yí kiri nínú ẹran ìdí eyín... mo ju ṣíbí nù, mo sunkún bí ọmọdé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọ̀kadà zẹ́mìjàn gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Ikpinlè. Nọ́ọ̀sì fi òwú olóòórùn kan síbẹ̀ kí ìdin lè yọrí, ó ń fi irin tín-ín-rín fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ egbò náà, ó fún wa lóògùn. Ó ní eṣinṣin ló yé sí i, kò sí ohun mìíràn, ká máa gbé wọn padà wá títí egbò á fi mọ́.

A ò padà lọ o. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká má lọ mọ́, èmi náà sì gbà fún un. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò olóògbé bàbá wa ní òun lòun ni oko ọ̀pẹ wa, màmá sì bu iyẹ̀pẹ̀ oko náà sẹ́nu lójú gbogbo ẹbí, wọ́n fi búra pé ọkọ àwọn ló ni ín. Òótọ́ ni wọ́n sọ! Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé ìdin ń jáde lẹ́nu yẹn tí kò ní sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n fi búra ló mú wọn? Oko yẹn là ń jẹ. Bàbá kékeré náà ti ń bèèrè ìdí tá ò fi jẹ́ kóun wọlé kí màmá...

Òórùn yẹn ti padà. Mo ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu wọn, mo ń fi àwọ̀n lé eṣinṣin, pàbó ló ń já sí. Tá a bá gbé wọn jáde, oko lọ nìyẹn. Tá a bá fi wọ́n sílẹ̀ ńkọ́? Láàárọ̀ yìí màmá di ọwọ́ mi mú. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́, mo ní láti tẹ́tí dáadáa. Wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fáwọn, ṣé àwọn purọ́ lọ́jọ́ ìbúra náà ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú ìyá rí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé wọn lọ kí gbogbo ayé rí wa? Ẹ tètè fèsì, ẹ jọ̀ọ́... wọ́n ṣì ń wo ojú mi, wọ́n ń retí èsì, bí mo ṣe ń tẹ èyí.