Álọ́ọ̀mù Inú Omi Kànga Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ sì kú ìtọ́jú ará ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àgbówó níbí. Mo kí Bàbá Àgbà. Mo kí Táyọ̀ àbúrò mi, tí inú rírun rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ má bínú pé mo kọ lẹ́tà yìí síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ìyá tó lè ṣe irú ohun tí ẹ ṣe pọ̀.

Inú ń bí mi, Ìyá mi.

Ẹ mọ̀ pé ìgò ni mo ń fọ̀ lọ́dọ̀ Dókítà, olùkọ́ tó ń yẹ omi wò. Ọyẹ́ ti mú, ọwọ́ mi ti sán, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè abúlé wa nílé tí mo ń gbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wù mí í wò. Ọ̀pá tín-ín-rín kan ni Dókítà ní, tó máa ń fi nǹkan dúdú bíi ti ìdí ìkòkò pa lórí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi nǹkan dúdú náà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó ní oníhò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, àmọ́ ojú ò lè rí i. Bí òjé, májèlé tó ń jáde lára bátìrì, bá wà nínú omi, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, gègé ẹ̀rọ tí ọ̀pá náà so mọ́ á sì ya òkè sórí bébà. Bí kò bá sí, ilà gbọọrọ ni.

Torí bọ̀dá tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn kànga wa ni mo ṣe bẹ Dókítà kó yẹ omi wa wò. Ẹ fi omi ránṣẹ́, ilà gbọọrọ ni ẹ̀rọ fà. Mo fi ayọ̀ ránṣẹ́ sílé pé kò sí òjé. Bàbá Àgbà bá ní kí gbogbo ilé padà sídìí kànga tí wọ́n ti pa tì.

Àfi bí mo ṣe lọ gba gàrí yín ní gáréèjì Challenge lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Bọ̀dá Láṣún, onímọ́tò tó gbé omi náà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ṣé àwọn ọ̀gá mi ò tíì mu omi tí ẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó yẹn tán. Ó ní ìṣojú òun ni ẹ ti fi aṣọ sẹ́ ẹ, tí ẹ ju álọ́ọ̀mù sí i, tí ẹ dúró kó tòrò, kí ẹ tó rọra da òkè rẹ̀ sínú ìgò. Ó ní ẹ sọ pé a kì í gbé omi rírú síwájú ẹni ńlá, kí wọ́n má baà fi ọmọ yín ṣẹ̀sín.

Mo sáré padà lọ sọ fún Dókítà.

Dókítà ní álọ́ọ̀mù lè fa òjé lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí ẹ dà nù yẹn gan-an la nílò! Kò bú mi. Ó kàn gbọn ìgò nǹkan dúdú náà, ó ní ìwọ̀nba ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, òun á fi dè mí di ọjọ́ Ẹtì, torí omi àwọn ẹlòmíràn wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa omi náà bó ṣe wà, kí ẹ fún Bọ̀dá Láṣún. Ẹ má sẹ́ ẹ. Kí Táyọ̀ má fẹnu kàn án mọ́. Omi ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì ni kó máa mu. Ẹ sọ fún Bàbá Àgbà pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Olúwa á dá yín sí, á sì wo Táyọ̀ sàn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Omi tó ń tì yín lójú gan-an ni mo fẹ́ gbé síwájú Dókítà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àdùkẹ́