Orin Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi Lọ́dún Yìí

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ọyẹ́ tó ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Libreville, nínú yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti Mirẹ́ẹ̀yì ọmọ mi ń gbé. Mo kí Tàǹtí Bẹnadẹ́ẹ̀tì, àbúrò yín, tó ń se oúnjẹ yín láti ìgbà tí Màmá ti fi wá sílẹ̀. Mo kí Máríúsì àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí gbogbo ará Soclogbo, ìlú wa, tó bá bi yín pé Ròsáàlì ńkọ́.

Máríúsì kò ní lè ka ìwé yìí fún yín, torí Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ nílé-ìwé. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó kà á. Yorùbá tí ẹ kọ́ nígbà tí ẹ ń ṣe lébìrà ní oko kòkó ní ìhà Ìbàdàn, tí ẹ wá fi èédú kọ́ mi lára ògiri ilé ìdáná wa, òun ni mo fi ń kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mìíràn tó wà lájò, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ bá yín sọ, àwọn orin tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yìí.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ àwọn ilé ìtura ni à ń fọ̀, èmi sì ni mò ń lọ̀ ọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí ìdúró ni. Ooru ibẹ̀ a máa mú kí ojú èèyàn wú. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú ọjọ́ náà rìn ni rédíò tí ọ̀gá wa gbé sórí àpótí. Nígbà tí Máríúsì ra fóònù tuntun lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún un pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, màá máa fi orin kan ránṣẹ́ sí Bàbá, kí ó gbé e sí yín létí, kí ẹ sọ fún mi bí ó bá dùn mọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lé orin nínú àáró láti ìgbà tí mi ò tíì lè rìn, ta ni mo tún lè fi orin hàn?

Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní oṣù kìíní, orin àwọn ará ìhín ni. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Gìtá rẹ̀ ló mú mi, ó ń ṣàn bí omi tó ń gba orí àpáta kọjá. Mo sọ fún yín nínú ohùn tí mo gbà tẹ̀ lé e pé ó rán mi létí ọjọ́ tí ẹ gbé mi lé èjìká kọjá odò nígbà òjò, tí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì yín wé síléètì mi kí omi má bàa pa ohun tí mo kọ sí i rẹ́. Ẹ dá mi lóhùn pẹ́ títí. Ẹ ní ìrántí mi ń purọ́, pé kì í ṣe síléètì ni ẹ wé, adìẹ ni, adìẹ tí ẹ fẹ́ fún olùkọ́ mi kó má bàa lé mi nílé-ìwé, àti pé adìẹ náà yàgbẹ́ sí síńgílẹ́ẹ̀tì yín. Mo rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀gá fi bi mí pé ṣé ara mi dá.

Nígbà Lẹ́ńtì, mo fi ti àwọn obìnrin ilé wa ránṣẹ́. Àwa ará Ìdáàṣà tó wà níhìn-ín máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn ìyá tó wà láàárín wa ló kọ orin Màríà yẹn. Màmá ni mo rí nínú rẹ̀. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ihò àpáta Màríà ní oṣù kẹjọ, tí Màmá á gbé abọ́ oúnjẹ rù, tí á máa kọrin, tí kì í sì í rántí ẹsẹ kejì láéláé. Orúkọ àwa ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi dí ibi tó bá gbàgbé. Ìdáhùn yín sí ìyẹn kò gùn. Ẹ ní, “Ó dùn gan-an, ọmọ mi. Ọlọ́run á bùkún ẹnu tó kọ ọ́.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ Màmá ló wọ̀ yín lára.

Láti ìgbà náà lọ, gbogbo orin ló dùn gan-an, gbogbo ẹnu tó kọ ọ́ sì ni Ọlọ́run bùkún. Mo fi èyí yangàn níbi iṣẹ́, mo ní bàbá mi máa ń súre fún olórin kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kẹfà ni mo fi orin ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà Glazoué ránṣẹ́, èyí tó kọ nípa ọmọbìnrin tó lọ sílùú ńlá tí kò wálé mọ́. Gbogbo ọmọ kéékèèké ilé wa ló ń jó o nígbà yẹn, Máríúsì ló sọ fún mi. Orin ijó ni, ṣùgbọ́n èmi ò lè jó o. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé ló ń gbé wá sí mi lójú: ẹ ra búrẹ́dì fún mi ní ibùdókọ̀ Ìdáàṣà, ẹ gbé e fún mi lójú fèrèsé ọkọ̀, ẹ yí ẹ̀yìn padà kí ọkọ̀ tó gbéra. Lẹ́yìn orin náà mo gba ohùn mi sílẹ̀. Ẹkún ni mo ń sun. Mo sọ fún yín pé bàbá Mirẹ́ẹ̀yì ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti bá obìnrin mìíràn lọ, mo sì bi yín pé kí ni kí n ṣe. Ṣé kí n máa bọ̀ wálé ni, àbí kí n dúró títí ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán?

Ẹ dá mi lóhùn pé ó dùn gan-an. Pé Ọlọ́run á bùkún ẹnu tó kọ ọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ọ̀bẹ. Mo sọ nínú ara mi pé ẹ ń bínú ni, pé ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ nípa ọkùnrin yẹn tí mi ò gbọ́, pé ẹ kàn ń fi ìre dá mi lẹ́jọ́ ni. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mi ò fi orin ránṣẹ́. Nígbà tí mo padà bẹ̀rẹ̀, mi ò sọ ohunkóhun nípa ara mi mọ́. Orin nìkan ni.

Ó di oṣù kẹjọ. Ojú ọ̀run Libreville máa ń dà bí eérú nígbà yẹn, oòrùn kò ní ràn, òjò kò sì ní rọ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó ń tún un ṣe ní kí n gba ariwo rẹ̀ sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́ sí òun, kí òun lè mọ ohun èlò tí òun máa mú dání. Mo gbà á. Ariwo burúkú ni, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ irin tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìka mi ṣìnà. Ariwo ẹ̀rọ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín dípò orin.

Kí n tó mọ̀, ìdáhùn yín ti dé. Ẹ ní, “Ròsáàlì, orin yìí dùn ju gbogbo èyí tí o ti ń fi ránṣẹ́ lọ. Ó rán mi létí ìyá rẹ, bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń fẹ́ ẹ̀pà.”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún Mirẹ́ẹ̀yì kí ó gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, “Maman, Bàbá àgbà kò gbọ́ nǹkan kan.”

Mo pe Máríúsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé láti ìgbà Lẹ́ńtì ni etí yín ti di pátápátá, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń di tẹ́lẹ̀. Ó ní òun á gbé fóònù sí yín létí, bí orin bá tán òun á fọwọ́ kan orúnkún yín, ẹ̀yin á sì sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹkún sọ ní oṣù kẹfà. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo sí bàbá rẹ̀ létí lójú gbogbo agboolé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ẹ bẹ òun kí òun má sọ ọ́. Ó ní ẹ sọ pé orin yẹn ni mo fi ń wá kí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá dí ọ̀nà náà, ibo ni mo tún máa gbà wá?

Ẹ dárí jì mí, Bàbá, inú bí mi sí yín. Inú bí mi kí àánú yín tó ṣe mí. Oṣù mélòó ni mo fi ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀!

Ẹ mọ gbogbo ohun tí a ti ṣe láti ìgbà náà. Máríúsì gbé yín lọ sí Parakou, dókítà ní kì í ṣe ìdọ̀tí etí, kì í ṣe àìsàn tí oògùn ń wò, pé iṣan inú etí ló ti kú. Mo ra ohun èlò tí wọ́n ń kì bọ etí, mo fi rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ lò ó, ẹ ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń lọ ata nínú orí yín, ẹ yọ ọ́. Mo ní kí n máa bọ̀ wálé fúnra mi. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá jáde kí ó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́, ọmọ sì wà ní kíláàsì ìdánwò. Mo kàn jókòó ni. Ibi tí mo bá yà sí, ògiri ni.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín báyìí. Bí ó bá ń rọ̀ lórí páànù wa, èmi àti Mirẹ́ẹ̀yì kì í gbọ́ ara wa, a máa ń pariwo ni. Lọ́jọ́ kan mo dákẹ́, mo ní kí n mọ bó ṣe ń rí fún yín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ronú pé ẹ̀yin ò gbọ́ òjò pàápàá.

Torí náà, èyí ni ẹ̀ẹ̀kejì tí mò ń sọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa: bàbá Mirẹ́ẹ̀yì ti lọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n wálé tàbí kí n dúró. Ẹ mú kálámù, kí ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ bá mi wí. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé ó dùn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Máríúsì pè mí láti inú oko, lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn. Àwọn alááró wà nínú oko iṣu wa, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń kọ ebè. Ọmọ Bàbá Fẹlíìsì aládùúgbò wa ló ń lé orin báyìí. Máríúsì rọra sọ ọ́ fún mi, bí ẹni pé ẹ lè gbọ́. Mo ń wá yín lójú, mo rí yín ní ìlà kejì. Ẹ ò wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú yín ni ẹ ń wò. Bí apá rẹ̀ bá gòkè, tiyín á gòkè, bó bá sọ̀ kalẹ̀, tiyín á tẹ̀ lé e, ó kàn ń fi díẹ̀ pẹ́ ju tiwọn lọ. Orin tán. Gbogbo wọn nàró. Ẹ̀yin ò mọ̀, torí ẹ ti tẹ̀ mọ́ ebè yín. Ọkọ́ yín tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun nìkan ló ń dún nínú gbogbo oko.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn dúró, wọ́n ń dúró dè yín. Ẹ kọ ebè yẹn parí, ẹ fọwọ́ gbá orí rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ gbójú sókè, ẹ rí wọn. Ọmọkùnrin yẹn wá na ọkọ́ rẹ̀ sókè níbi tí ojú yín ti lè tó o, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi na tiyín, kí ó tó la ẹnu.

Mi ò pè yín. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ àwọn ẹlòmíràn lápá mi, mo ń wò yín títí àwòrán fi dúró gbagidi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ilẹ̀ má yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí iṣu ọdún yìí ta dáadáa, kí ojú yín má ṣe bàìbàì láé, torí òun ló kù fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà, kí ẹ sì bá mi fọwọ́ kan ibojì Màmá. Mirẹ́ẹ̀yì ní kí n kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ròsáàlì