Orúnkún Mi, Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Òní ni ọjọ́ ẹsẹ̀ ní jíìmù. Baálé ti jí kí n tó jí. Orúnkún ọ̀tún mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — látìgbà tí bọ́ọ̀lù ti ṣe é léṣe nígbà èwe, òun ló ń pàṣẹ nílé yìí. Mo wé báńdéèjì mọ́ ọn, mo gbé irin lé èjìká, mo lóṣòó dé ìdajì. Baálé ní ó tó. Dókítà pàápàá ti ní n kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje irin gbígbé kù sí dẹ̀dẹ̀, àyà mi fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi sì rí bí ọ̀pá ìgbálẹ̀.
Ìyàwó mi bá mi lọ sí jíìmù, kó lè máa dúró lẹ́yìn mi bí mo bá gbé irin. Ìdí tó fi wá nìyẹn o. Mo kọ ọ́ síbí kó má di ìjà lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta
Ìyàwó mi ní òun á kàn dán irin náà wò. Ó lóṣòó, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Kóòṣì la ẹnu sílẹ̀. "Àǹtí, ibo lẹ gbé ẹsẹ̀ yìí pamọ́ sí látọjọ́ yìí?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, ọwọ́ lára ògiri. Ìyàwó mi ní, "Akàn mi, ẹ rọra o. Ṣé ó ń dùn yín ni?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.
Nírọ̀lẹ́ ó fi ìpara pa Baálé, bó ti ń ṣe látìgbà tí a ti fẹ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń dùn mí ju èmi alára lọ. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Itan rẹ̀ ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti sọ ọ́ ní Òpómúléró ní jíìmù. "Òpómúléró ti dé!" Kò sẹ́ni tó rántí pé èmi náà wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta
Mò ń jowú. Ó tán, mo ti kọ ọ́. Ọkùnrin mìíràn ń jowú ẹni tó ń wo ìyàwó rẹ̀. Èmi, ẹsẹ̀ ìyàwó mi gan-an ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọjọ́ ikú.
Wọ́n fi àwo irin kún èyí tó ń gbé lónìí. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bó ti ń dìde, mo rí i nínú dígí: orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń wọ inú, wọ́n fẹ́ kanra. Mo mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Bí mo ṣe ba Baálé jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, lẹ́yìn ti bọ́ọ̀lù. Kóòṣì kọ̀yìn sí wa, ó ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Gbólóhùn kan péré ni kí n sọ fún un: "Ti orúnkún síta." Ó dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta
Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹta
Orúnkún rẹ̀ tún wọ inú. Mo tún dákẹ́. Kóòṣì á rí i. Ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta
Ẹnì kan péré ni jíìmù wa lè rán lọ síbi ìdíje, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Kóòṣì wo ojú mi, ó wo báńdéèjì. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí Àǹtí bá wa lọ lọ́dún yìí." Ìyàwó mi ní òun ò lọ bí n kò bá fọwọ́ sí i. Mo ní kó lọ. Mo tilẹ̀ gbá a mọ́ra. Inú mi korò bí jogbo.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹta
Mo jókòó nísàlẹ̀, mò ń mu tíì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gbì — ó dúró. Gbì — ó dúró. Ìrìn mi ni mo gbọ́, èmi sì rèé lórí àga.
Mo jáde. Ìyàwó mi ni, ó fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ lára ògiri.
Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan."
Mo mọ "kò sí nǹkan kan" yẹn. Èmi ni mo mú un wọ ilé yìí.
Mo mú un jókòó, mo gbé ìpara, mo kúnlẹ̀ — Baálé figbe ta — mò ń fi pa orúnkún rẹ̀. Ó ti wú. Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo ní orúnkún ń wọ inú bó bá ń dìde, pé láti Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti rí i.
Ó gbé ojú sókè wò mí.
"Ẹ ti rí i látọjọ́ yẹn."
Kò pariwo. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó gba ìpara, ó ń fi pa á fúnra rẹ̀. Ibi tó ń tẹ̀ kọ́ ló yẹ kó tẹ̀. Mo mọ ibi tó yẹ. Kò bi mí.